Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ Gbá Mi Lórí Alùpùpù, Báwo Ni Mo Ṣe Máa Gba Owó Gbà-Máà-Bínú?

Lẹ́tà yín lórí jàǹbá alùpùpù ti pọ̀ débi pé a fi gbogbo àyè wa sílẹ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, níbi tí ìyàtọ̀ náà bá sì ti ká ni lára, a ó sọ ọ́. Àmọ́ níbi gbogbo, ẹni tó bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló ń rí owó gbà, ẹni tó bá sì kánjú bọwọ́ lùwé ló ń kábàámọ̀.

Mò ń lọ tààrà lórí alùpùpù mi nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń bọ̀ níwájú ṣàdédé yà kọjá níwájú mi ní oríta. Mo lọ rọ́ lù ú, itan mi ṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni awakọ̀ náà ń bẹ̀ mí pé òun ò rí mi. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ní eré àsápajúdé ni mò ń sá. Kí ni mo gbọ́dọ̀ fi hàn? — Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn

Ohun mẹ́rin ni. Ìkíní, pé ó yẹ kí awakọ̀ náà ṣọ́ra nítorí yín. Èyí kò ní ìjiyàn nínú, torí gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sójú títì ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n jọ ń lo títì. Ìkejì, pé kò ṣọ́ra, ó ṣe ohun tí awakọ̀ tó fara balẹ̀ kò ní ṣe. Ìkẹta, pé ohun tó ṣe yẹn gan-an ló ṣẹ́ yín nítan. Ìkẹrin, pé ẹ fara pa, ẹ náwó, ẹ sì pàdánù owó. Orí ìkejì àti ìkẹta ni ìjà máa ń wà.

"Mi ò rí i" kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó bá fẹ́ yà gba ojú ọ̀nà ẹlòmíràn kọjá ló yẹ kó dúró títí ọ̀nà yóò fi mọ́. Tó bá wá ní òun ò rí ẹni tó ń bọ̀, ó ń jẹ́wọ́ ni pé òun ò wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tuntun. Harry Hurt àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Southern California yẹ jàǹbá alùpùpù 900 wò fínnífínní ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1981. Nínú àwọn jàǹbá tó jẹ́ ti alùpùpù pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ kejì já ọ̀nà gbà mọ́ alùpùpù lọ́wọ́. Ìwádìí yẹn kò ní bá yín dá ẹjọ́ tiyín o. Ohun tó wúlò fún ni pé àlàyé tí ẹ fẹ́ ṣe kò ní ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí.

Ti eré sísá yìí gan-an ni kí ẹ múra sí. Ẹnu lásán kò lè dá a lóhùn, irin àti ojú ilẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Ẹ wo ibi tí ẹ ti gbá ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ igun iwájú rẹ̀ ló wó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí yín ni, ẹ ò ráyè. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, wọ́n á ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán kí ẹ tó dé, pé ẹ ní àyè láti tẹ búréèkì, àfi kí ẹ ní ẹ̀rí mìíràn. Bí táyà bá wọ́ nílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n wò lè fi gígùn ojú ibi tó wọ́ ṣírò eré tí ẹ ń sá. Ṣùgbọ́n òjò àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò pa á rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì wà ní ọsibítù, ẹ rán ènìyàn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Kó ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn, kó yà á láti itòsí, kó sì gbé nǹkan tí ojú mọ ìwọ̀n rẹ̀, bíi rúlà tàbí bàtà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń yà.

Bí wọ́n bá tún ní ẹ ò tan iná iwájú, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì da gílóòbù yẹn nù. Nínú gílóòbù tó ní wáyà tín-ín-rín, bí iná bá ń jó lọ́wọ́ nígbà tí ó forí sọ nǹkan, wáyà náà á ti gbóná, á sì ti rọ̀, nítorí náà ńṣe ló máa fà gùn tàbí kó lọ́ wìrìwìrì. Bí iná bá ti wà ní pípa, wáyà tó tutù máa ń dúró bó ṣe wà, tàbí kó kán géérégé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, á sì sọ èyí tó jẹ́. Iná LED kò ní irú wáyà yìí. Bákan náà, ẹ má tún alùpùpù náà ṣe, ẹ má tà á fún àwọn oníkọ̀ǹdẹ́mù, títí tí ìhà méjèèjì, tiyín àti ti awakọ̀ náà, yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kó akoto, bàtà àti aṣọ ọjọ́ náà sínú àpò láìfọ̀ wọ́n.

Àwọn ẹ̀rí kan wà tí kò sí lọ́wọ́ yín. Kámẹ́rà àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà ní oríta máa ń kọ àwòrán tuntun lé ti àtijọ́ lórí, òmíràn láàárín ọjọ́ mélòó kan, òmíràn láàárín oṣù kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní sì ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú. Bí nǹkan bá gbá a tó bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ yìí á tọ́jú àkọsílẹ̀ eré àti búréèkì nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ṣáájú. Ẹ kọ lẹ́tà kíákíá, tàbí kí lọ́yà bá yín kọ ọ́, sí ẹni tó ni kámẹ́rà, sí awakọ̀ náà àti sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tọ́jú, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ lò ó ní kóòtù. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà àti ẹ̀rí pé wọ́n rí i gbà.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ yín, ẹ kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó gbọ́ ọ. "Ẹ má bínú" nìkan kò tó. Ní England, òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 sọ ọ́ kedere pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n "mi ò rí yín, mi ò wo ibẹ̀ yẹn" ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni.

Ara mi dá ṣáṣá lọ́jọ́ tí mo ṣubú, mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo wá sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọwọ́ mi wú, tí orí sì ń fọ́ mi. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àìsàn náà kò ti ibi jàǹbá wá. Ṣé ó ti bọ́? — Ọwọ́ ọ̀tún

Kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí wọ́n rí ihò kan. Gbogbo ọjọ́ tó bá wà láàárín jàǹbá àti ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ fojú kàn yín ni wọn yóò béèrè nípa rẹ̀: kí lẹ ṣe, ibo lẹ lọ, ṣé ẹ ò gbé nǹkan, ṣé ẹ ò tún ṣubú? Ẹ wá ẹni tó rí yín láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ẹni tí ẹ sọ fún pé ọwọ́ ń dùn yín, oògùn ìrora tí ẹ rà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi gbàyè níbi iṣẹ́. Ìwọ̀nyí ló ń dí ihò náà.

Ìmọ̀ ìṣègùn náà á gbè yín lẹ́yìn. Ara tí jìnnìjìnnì bá kì í tètè mọ ìrora. Egungun kékeré kan sì wà ní ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Òun ló sábà máa ń là nígbà tí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀, àwọn tó ń ti orí alùpùpù ṣubú sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fọ́tò X-ray ọjọ́ kìíní lè má fi lílà rẹ̀ hàn rárá. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń di ọwọ́ náà, tí á sì ní kí aláìsàn padà wá ya fọ́tò mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, tí ìdí àtàǹpàkò bá ṣì ń dùn yín bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ padà lọ. Orí fífọ́, èébì, òòyì àti ìgbàgbé kò ṣeé fi ṣeré. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kì í ṣe nítorí ẹjọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ gbogbo ibi tó ń dùn yín, kì í ṣe èyí tó le jù nìkan. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ọjọ́ kìíní ni wọn yóò bá yín jà lé lórí lọ́dún kejì. Ẹ sọ bí jàǹbá náà ṣe wáyé, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kọ. "Ó ti orí alùpùpù ṣubú" àti "ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbá a lórí alùpùpù" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀yìn bá ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Nínú òfin England àti àwọn ibi tó gba irú òfin bẹ́ẹ̀, bí olùjẹ̀bi ṣe bá ara ẹni ni yóò ṣe gbà á; kò lè ní ẹni tí ara rẹ̀ le ni ì bá dáa kí òun gbá. Owó ohun tó fi kún àìsàn náà ni yóò san. Àmọ́ bí wọ́n bá fúnra wọn hú ìwé àtijọ́ jáde lẹ́yìn tí ẹ ti sẹ́, ọ̀rọ̀ yín yòókù á di ohun tí wọn ò gbà gbọ́ mọ́.

Mi ò dé akoto. Ṣé mo ṣì lè gba nǹkan kan? — Aláìdé-akoto

Ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò pín ẹ̀bi, wọn yóò sì yọ ìpín tiyín kúrò nínú owó náà. Ní England, láti 1945 ni òfin ti fàyè gba èyí. Nínú ẹjọ́ O'Connell àti Jackson, tí wọ́n dá ní 1971, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí pé ẹni tó ń gun alùpùpù kékeré náà kò dé akoto. Lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Capps àti Miller, ẹni náà dé akoto ṣùgbọ́n kò de okùn rẹ̀, akoto sì bọ́ lórí rẹ̀ kí orí tó kanlẹ̀. Ìdá 10 ni wọ́n yọ. Nítorí náà, dídé akoto láìdi okùn rẹ̀ náà lórúkọ tirẹ̀ ní kóòtù.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí akoto ì bá gbà là nìkan ni ọ̀rọ̀ akoto kàn. Akoto kì í bo ojúgun. Ká ní adájọ́ ka ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sí 600, ó ka orí tó fọ́ sí 400, tó sì yọ ìdá 15 lórí ti orí: 60 ni yóò lọ, 940 ni yóò kù nínú 1,000. Bí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bá ń yọ ọ́ lórí gbogbo owó nígbà tí ẹsẹ̀ nìkan ló ṣẹ́, ẹ má gbà. Ẹni tó sì ní akoto ì bá gbà yín là ni yóò fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni, dókítà ló sì sábà máa ń fi hàn, kì í ṣe àbá lásán.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni àwọn ibi tí òfin ti le ju báyìí lọ. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, Maryland, North Carolina àti Virginia ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀bi tó fa jàǹbá bá kàn yín bó ti wù kó kéré tó, ó lè dí gbogbo owó náà lọ́nà. Ní California, bí ẹ̀bi tiyín bá tiẹ̀ tó ìdá 70, ìdá 30 ṣì jẹ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ní ààlà kan ní àárín: bí ẹ̀bi yín bá ti tó ìdajì tàbí tó kọjá á, ẹ ò rí nǹkan kan gbà. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ ti ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu sọ pé "èmi náà jẹ̀bi díẹ̀".

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dé akoto. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé ó ń dín ewu kí orí fara pa kù ní nǹkan bí ìdá 69, ó sì ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42. Kò sí kóòtù tó lè san ìyẹn padà.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn jàǹbá, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì awakọ̀ tó gbá mi pè mí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀, wọ́n sì ti fi ìwé ránṣẹ́. Owó tó wà níbẹ̀ ju ohun tí mo ti ná ní ọsibítù lọ. Ṣé kí n gbà á? — Mo nílò owó

Ẹ má tíì gbà á. A mọ̀ pé ọwọ́ lè há, a ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà tó wà lókè ibi tí wọ́n ní kí ẹ bọwọ́ lù. Ẹ ó rí i pé owó náà jẹ́ fún "gbogbo ẹ̀tọ́, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò tíì mọ̀". Bí ẹ bá ti lè bọwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí irin tí wọ́n fi to egungun bá kó àrùn lóṣù kẹjọ, bí orúnkún bá kọ̀ tí kò ká mọ́, àpò ara yín ni owó yóò ti jáde.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ tó sọ iye ni ìgbà tí dókítà bá lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ara yín ti sàn dé ibi tó máa sàn dé, tàbí tó lè sọ ohun tó kù láti ṣe àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Fún egungun itan tó ṣẹ́, èyí lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá ń dùn yín láàárín ìgbà náà, ẹ béèrè fún àsansílẹ̀ nínú owó náà. Bí ẹ̀bi bá hàn kedere, wọ́n lè gbà. Níbi tí òfin bá fàyè gbà á, kóòtù lè pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé àsansílẹ̀ náà sọ ọ́ pé kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà lásán ṣe àpẹẹrẹ, láìdárúkọ owó ibì kankan. Ká ní 250 lẹ ti ná ní ọsibítù, wọ́n sì fi 400 lọ̀ yín. Èrè yín lóṣù jẹ́ 100. Ẹ kò lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà: 600. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìlàjì fún oṣù mẹ́rin sí i: 200. Dókítà ní ẹ máa padà wá yọ irin lẹ́sẹ̀: 150. Ìyẹn ti di 1,200 kí a tó ka alùpùpù tó bàjẹ́, ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ọsibítù, iṣẹ́ àwọn tó ń bá yín na ẹsẹ̀, àti owó ìrora, àpá, oorun tí kò wá àti eré tí ẹ ò lè bá ọmọ sá mọ́. Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń wẹ̀ yín, tó ń gbé yín dìde. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, wákàtí 252 nìyẹn. Ní England àti ní àwọn ibòmíràn, ilé ẹjọ́ máa ń ka iṣẹ́ náà sí owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín ló ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni náà máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: ọjọ́, wákàtí, ohun tó ṣe.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń rí fi ṣe jù. "Mò ń rí 100 lóṣù" kò tó. Ẹ mú ìwé báńkì, ìwé owó orí, ìwé oníbàárà àti ìwé ọjà ti ọdún kan tàbí méjì tó ṣáájú jàǹbá wá. Èrè ni kí ẹ sì béèrè, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Epo tí ẹ ò rà nítorí pé ẹ ò jáde, ẹ yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó bá yín yọ ọ́, torí nọ́ńbà kan tó bá ṣẹ́ yóò kó bá àwọn yòókù.

Ní ti gbígba ohùn sílẹ̀: ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tiyín lè ní ẹ̀tọ́ sí i nínú àdéhùn yín, ṣùgbọ́n ti ẹnìkejì kì í sábà ní. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn ránṣẹ́. Bí ẹ bá sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má fojú díwọ̀n eré, jíjìnnà tàbí ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń ṣe ẹni tó ń sọ Yorùbá ní jàǹbá jù ni ìkíni. Wọ́n á ní "ṣé ara ti yá?", ẹ̀yin náà á ní "a dúpẹ́, ara ti le". Ẹ̀kọ́ ilé lẹ fi dáhùn, ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ wọn, aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti dá. Ẹ dáhùn bó ṣe rí: "Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí, mi ò tíì lè gun àtẹ̀gùn." Fọ́tò ìnáwó tí ẹ gbé sórí Facebook náà, wọ́n máa ń wò ó.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Àbúrò mi ló ń gùn ún, òun àti ọkọ̀ kan ló kọlu ara wọn. Ta ni mo lè pè lẹ́jọ́? Mi ò fẹ́ bá àbúrò mi ṣẹjọ́. — Ẹ̀gbọ́n

Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe máa pín in láàárín ara wọn kì í ṣe ìṣòro yín. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò di ọwọ́ alùpùpù mú, nítorí náà ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀bi bí jàǹbá ṣe wáyé kàn án, àfi bó bá mọ̀ pé ẹni tó gbé òun ti mutí yó tó sì gùn ún lẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Faransé, òfin July 5, 1985 dáàbò bo ẹni tí wọ́n gbé débi pé àṣìṣe tirẹ̀ lásán kò lè gba owó ìpalára lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àbúrò yín, orúkọ rẹ̀ ló máa wà nínú ìwé ẹjọ́ o, ṣùgbọ́n bó bá ní ìnṣọ́ránsì tó bo ẹni tó gbé, ilé iṣẹ́ náà ni yóò sanwó. Ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé fún un kí ìwé tó dé bá a.

Ọkọ̀ tó gbá mi sá lọ. Mi ò rí nọ́ńbà rẹ̀. — Ojú ò rí i

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Láìsí èyí, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yóò tì. Ní Bìrìtìkó, ẹgbẹ́ Motor Insurers' Bureau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ló ń sanwó fún ẹni tí awakọ̀ tí a kò mọ̀ tàbí tí kò ní ìnṣọ́ránsì bá gbá. Gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló gbọ́dọ̀ ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wo ìwé ìnṣọ́ránsì tiyín, bóyá ẹ sanwó fún ààbò lórí awakọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní in tí wọn ò mọ̀. Ní New Zealand ẹ̀wẹ̀, láti 1974 ni àjọ ìjọba ti ń tọ́jú ẹnikẹ́ni tó bá fara pa láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ẹ pe ẹni tó gbá yín lẹ́jọ́ fún owó ìpalára náà.

Ẹ wá nǹkan tó já sílẹ̀: àfọ́kù iná, ìbòrí dígí, ọ̀dà tó kù lára alùpùpù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn àfọ́kù iná lè sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́.

Bó bá jẹ́ pé kòtò ojú títì ló gbé yín ṣubú, ẹ lọ fi téèpù wọn jíjìn àti fífẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Ẹ wá ẹni tó ti fẹ̀sùn kòtò náà sùn ṣáájú, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá àwọn tó ni títì mọ̀ nípa rẹ̀, tàbí ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ ti kọjá. Ìnṣọ́ránsì ṣì ń sọ pé àwọn ń yẹ ọ̀rọ̀ mi wò. Ṣé àkókò kò ní lọ? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń sanwó lọ́yà? — Mo ṣì ń retí

Ó lè lọ, ó sì lè ti lọ. Ẹ pe lọ́yà lónìí. Lẹ́tà àti ìpè tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín yín kì í sábà dá aago òfin dúró. Ìwé ẹjọ́ tó wọ kóòtù ló ń dá a dúró. Ní Tennessee, ọdún kan péré ni. Ní California, ọdún méjì. Ní England, ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ jàǹbá tàbí ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé ìpalára náà ti ibẹ̀ wá. Fún ọmọdé, ọdún mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 18. Bó bá jẹ́ ìjọba lẹ ń bá fà á, ó máa ń kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní California, oṣù mẹ́fà lẹ ní láti kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó lè pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ọ̀pọ̀ lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ìpalára máa ń gbà láti mú ìdá kan nínú owó tó bá wọlé, bí kò bá wọlé, wọn ò mú nǹkan kan. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè, kí ìdáhùn sì wà nínú ìwé. Ṣé kí wọ́n tó yọ ìnáwó ni wọ́n ń ṣírò ìdá wọn ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́? Nínú 1,000, bí ìnáwó bá jẹ́ 200 tí ìdá wọn sì jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ 60 ló wà níbẹ̀: 500 ló kù fún yín lọ́nà kìíní, 560 lọ́nà kejì. Bí a bá pàdánù, ta ló máa san ìnáwó kóòtù àti ti ẹnìkejì? Ṣé ọsibítù tàbí ìnṣọ́ránsì ìlera tó ti ná owó lé yín lórí máa gba tiwọn padà nínú owó náà?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ, ẹ mú ìwé ọlọ́pàá, ìwé ọsibítù, fọ́tò, rìsíìtì, ìwé ìnṣọ́ránsì tiyín, gbogbo lẹ́tà tí ẹnìkejì kọ àti àpò ìwé tó bò wọ́n dání. Ẹ má da àpò ìwé wọ̀nyẹn nù: ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ wọn ti yanjú àríyànjiyàn àkókò rí.